Bí ọmọ CEG ṣe lè yege BEPC tàbí BAC: iṣẹ́ tó yẹ ká ṣe nílé kí oṣù kẹfà tó dé

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní CEG (ilé ìwé girama ìjọba) nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa, ní 3ème, kíláàsì tó ń ṣe ìdánwò BEPC, tàbí ní Terminale, kíláàsì tó ń ṣe BAC, ìdánwò àṣekágbá girama, lọ́dún yìí, ní Kétu níbí ni o, ní Àjàṣẹ́ ni o, ní Sabe ni o, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ ti gba BAC tẹ́ ẹ sì ní àbúrò nílé. Iṣẹ́ répétiteur (tíṣà lẹ́sìn) ni mò ń ṣe, àwọn ọmọ CEG ni mo máa ń kọ́ ní maths àti PCT (físíìsì, kẹ́místrì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ) lálẹ́, ohun tí mo sì ń rí ni pé ọmọ tó ń fìdí rẹmi kì í sábà jẹ́ ọmọ tí kò lọ́pọlọ. Ẹ bi í léèrè lẹ́nu, á dá yín lóhùn. Ohun tí kò mọ̀ ni bó ṣe máa fi bíìkì gbé e sórí ìwé láàárín wákàtí tí wọ́n fún un, lọ́nà tí ẹni tó ń correct (tó ń máàkì ìwé) á fi rí ibi tó máa fún un ní póìntì, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ, torí bí ọmọ ṣe ń pọ̀ nínú kíláàsì CEG yẹn, tíṣà ò lè jókòó ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ épreuve (ìwé ìbéèrè ìdánwò) kan náà ni ọmọ Kétu àti ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì olówó ńlá ní Kùtọnu ń ṣe, ọjọ́ kan náà, wákàtí kan náà, ẹni tó ń correct ò sì rí orúkọ ẹnì kankan lórí ìwé. Ọmọ yín lè gba póìntì yẹn bíi ti ẹlòmíì, àfi kó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbà á.

Ẹ kọ́kọ́ gbé bulletin (ìwé èsì) semestre kìíní sílẹ̀, kí ọmọ fúnra ẹ̀ jókòó tì yín, kẹ́ ẹ jọ ṣe ìṣirò. Ọ̀pọ̀ nínú wa, moyenne (ìpíndọ́gba gbogbo máàkì) tó wà nísàlẹ̀ yẹn nìkan la máa ń wò, a rí 9, a bínú, a pa ìwé dé. 9 yẹn ò tíì sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe fún yín. Coefficient, ìyẹn nọ́ḿbà tó ń sọ bí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó nínú ìṣirò, ló máa sọ ọ́. Note (máàkì) kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sọ di púpọ̀ pẹ̀lú coefficient ẹ̀, wọ́n á ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, wọ́n á wá fi àpapọ̀ coefficient pín in, 10 lórí 20 la sì ń wá. Ẹ jẹ́ ká ní coefficient maths jẹ́ 4, note ọmọ níbẹ̀ jẹ́ 6, ká ní ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 2, note ẹ̀ níbẹ̀ sì jẹ́ 13. Ọmọ fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì, òun ló ń kà lálalẹ́ torí ó ń dùn mọ́ ọn. Tó bá ṣiṣẹ́ títí tó kúrò ní 13 tó bọ́ sí 15, póìntì 4 ló jèrè. Tó bá jẹ́ maths ló ti kúrò ní 6 tó bọ́ sí 9, 9 ò tíì pé ìdajì o, àmọ́ póìntì 12 ti wọlé. Àti pé láti 6 dé 9 rọrùn ju láti 13 dé 15 lọ, torí ìbéèrè wẹ́wẹ́ tó rọrùn jù nínú épreuve ló ṣì wà níbẹ̀ tí kò tíì mú, ẹni tó ti wà ní 13 ti kó ìyẹn tán, èyí tó le ló kù fún un.

Coefficient ò rí bákan náà ní gbogbo série, ìyẹn ẹ̀ka tí ọmọ yàn fún BAC. Ní C, maths àti PCT ló wúwo, ní D, SVT (ẹ̀kọ́ nípa ohun alààyè àti ilẹ̀) wúwo gan-an, àwọn ọmọ A ní tiwọn, Faransé àti philo ni. Kí ọmọ kọ ti série ẹ̀ sórí páálí kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tó ti ń kàwé. Ẹ wá mú matière (ẹ̀kọ́) méjì tó wúwo tí note ẹ̀ wà láàárín 5 sí 9, ibẹ̀ ni wákàtí tó pọ̀ jù máa lọ. Èyí tó ti dáa, kó má fi sílẹ̀ pátápátá, àmọ́ kó má jẹ́ pé òun ló ń jẹ gbogbo alẹ́.

Ó kan épreuve àtijọ́, ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù, torí mi ò rí ohun tó ń gbé ọmọ sókè tó o. Ẹ ó rí i rà níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì lẹ́bàá CEG, wọ́n ń pín in lórí WhatsApp, àwọn tíṣà náà ní in lọ́wọ́, ọmọ tó bá fi ọ̀wọ̀ tọrọ á rí gbà. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ á gba épreuve pẹ̀lú corrigé (ìwé ìdáhùn) ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á ka ìbéèrè, á ka ìdáhùn, á mi orí pé òun mọ̀ ọ́n, á ṣí ojú ìwé tó kàn. Kò mọ̀ ọ́n o, ó dá a mọ̀ ni. Ẹ gba corrigé lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ tì í mọ́ inú àpótí. Ẹ fún un ní ìwé tí kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀, ẹ gbé aago síwájú ẹ̀, fóònù kúrò nílẹ̀, kó jókòó fún iye wákàtí tí wọ́n kọ sórí épreuve yẹn gan-an, àárọ̀ Sátidé ló dáa jù torí ara ṣì mókun, kí àwọn àbúrò má sì wọlé wá bá a ṣeré. Tí àkókò bá pé, bíìkì dúró, bí kò tiẹ̀ tíì parí. Ìgbà yẹn lẹ tó máa gbé corrigé fún un, kó fi bíìkì pupa yẹ iṣẹ́ ara ẹ̀ wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kó sì fún ara ẹ̀ ní note láìṣojúsàájú.

Kó wá ní kàyé kan lọ́tọ̀ tó jẹ́ ti àṣìṣe nìkan. Gbogbo ibi tó ti pàdánù póìntì, kó kọ ọ́ síbẹ̀, kó sì kọ ìdí ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́: ṣé kò mọ̀ ọ́n rárá ni, ṣé ó mọ̀ ọ́n àmọ́ ó ṣi ìbéèrè kà, àbí àkókò ló tán. Lẹ́yìn épreuve mélòó kan kàyé yẹn á ti máa sọ̀rọ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n ló pọ̀ jù níbẹ̀, cours ló máa padà lọ kà, kó gba TD (iṣẹ́ ìdánrawò) lórí chapitre yẹn. Èyí tó ń ṣi ìbéèrè kà, cours kọ́ ni ìṣòro ẹ̀, ẹ lè san owó répétiteur títí ọdún máa fi parí, kò ní yí padà tí kò bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìbéèrè. Èyí tí àkókò ń tán lọ́wọ́ ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọmọ tó mọ̀wé, kò fẹ́ fi ìbéèrè kan sílẹ̀, á dúró sójú kan fún ogójì ìṣẹ́jú nítorí póìntì kan, tí ìbéèrè tó rọrùn sì wà lẹ́yìn ìwé tí kò dé ibẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan kó tún àwọn tó kùnà yẹn ṣe láìwo nǹkan kan, ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń fo èyí torí wọ́n rò pé àwọn ti rí ìdáhùn ẹ̀, ẹ má gbà fún un.

Ẹ jẹ́ n fi ìbéèrè kan hàn yín, ti 3ème. Wọ́n fún ọmọ ní triangle ABC, AB jẹ́ 6 cm, AC jẹ́ 8 cm, BC jẹ́ 10 cm, wọ́n ní «Justifie que le triangle ABC est rectangle», ìyẹn kó sọ ìdí tí igun kan níbẹ̀ fi gún régé. Ọmọ kan tí mò ń kọ́ yà á dáadáa, ó fi équerre wò ó, ó rí i pé igun A gún, ó wá kọ ọ́ pé «Le triangle ABC est rectangle en A», ó fa ìlà sábẹ́ ẹ̀. Òótọ́ lohun tó kọ, àmọ́ òótọ́ tí wọ́n ti sọ fún un nínú ìbéèrè ló tún sọ padà, ẹni tó ń correct ò ní ibi tó máa fi póìntì sí. Ohun tí wọ́n ń wá ò ju ìlà mẹ́ta lọ: AB² + AC² jẹ́ 36 + 64, ìyẹn 100. BC² náà jẹ́ 100. Méjèèjì dọ́gba, nítorí náà nípa réciproque de Pythagore, igun A gún. Ó mọ Pythagore o! Mo bi í lẹ́nu, ó kà á fún mi bí ẹni ń ka oríkì. Pé ibẹ̀ ló ti yẹ kó kọ ọ́ ni kò mọ̀, torí kò sẹ́ni tó jókòó tì í sọ fún un pé «justifie» túmọ̀ sí pé ìdí ni wọ́n ń san owó fún.

Nítorí náà ẹ jẹ́ kó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń béèrè. Tí wọ́n bá ní cite, kó dárúkọ nǹkan náà kó máa lọ, àwọn kan á kọ ojú ìwé kan gbáko lé e lórí, póìntì ò sì ní lé. Tí wọ́n bá ní explique, dídárúkọ nìkan ò tó. Tí wọ́n bá ní déduis, ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nínú ìbéèrè tó wà lókè ni kó mú lò, kó má tún bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tuntun. Tí wọ́n bá sì ní «démontre que» nǹkan báyìí báyìí, ìdáhùn ti wà nínú ìbéèrè fúnra ẹ̀, bí ọmọ ò tiẹ̀ rí ọ̀nà démontrer ẹ̀, kó kọ ọ́ pé òun gbà á bẹ́ẹ̀, kó mú ìdáhùn yẹn lọ ṣe ìbéèrè tó tẹ̀ lé e. Mélòó nínú wọn ló ń fi gbogbo problème sílẹ̀ torí ìbéèrè àkọ́kọ́ dí wọn lọ́nà! Ó ń dùn mí tí mo bá rí i.

Ẹ tún mọ̀ pé épreuve maths ti ilẹ̀ wa, ìtàn ló fi ń bẹ̀rẹ̀, contexte ni wọ́n ń pè é, ẹnì kan fẹ́ ṣe nǹkan kan, ó fẹ́ kọ́lé tàbí kó pín ilẹ̀, ọmọ ẹ̀ rí plan ẹ̀ ó sì ń béèrè ìbéèrè lórí ẹ̀, lẹ́yìn náà ni tâche máa ní kí akẹ́kọ̀ọ́ bá ẹni yẹn wá ìdáhùn nípa problème 1, 2, 3. Ọmọ tí Faransé ẹ̀ ò já gaara á dúró sórí ìtàn yẹn títí ẹ̀rù á fi bà á. Kó kà á lẹ́ẹ̀kan, kó fa ìlà sábẹ́ gbogbo nọ́ḿbà àti ohun tí wọ́n fún un, kó lọ sórí problème, tó bá nílò nǹkan kan kó padà wá mú un. Kó ka gbogbo épreuve tán kó tó kọ ohunkóhun, kó sì bẹ̀rẹ̀ níbi tó mọ̀ jù, kò sófin tó ní kó bẹ̀rẹ̀ láti orí problème 1, tó bá ṣáà ti kọ nọ́ḿbà ẹ̀ kedere.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá tó ń ka èyí lójú fóònù ọmọ wọn á sọ pé àwọn ò lọ ilé ìwé, kí ni àwọn fẹ́ mọ̀ nínú PCT. Ìyá kan ní Kétu níbí bi mí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó ní, «Tíṣà, èmi tí mi ò mọ Faransé, báwo ni mo ṣe fẹ́ bá a kàwé?» Mo ní, «Ìyá, ẹ gba kàyé ẹ̀ dání, ẹ pa á dé, kẹ́ ẹ ní kó fi èdè wa sọ ohun tó kà lónìí fún yín. Níbi tó bá ti ń ta kókó, ẹ ní kó padà lọ kà á.» Iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ọmọ tó bá lè fi Nàgó ṣàlàyé fún ìyá ẹ̀ ìdí tí ewé fi nílò ìmọ́lẹ̀ oòrùn, tí ìyá béèrè pé «tó bá wá di alẹ́ ńkọ́?» tí ó sì rí i dáhùn, ọmọ yẹn ti mọ ọ̀rọ̀ náà, tó bá sì dákẹ́, ó há a sórí lásán ni. Àmọ́ kẹ́ ẹ má dúró síbẹ̀ o, torí Faransé ni wọ́n máa fi kọ ọ́. Tó bá ti sọ ọ́ tán lẹ́nu, kó jókòó kó kọ ohun tó sọ ní Faransé, gbólóhùn kúkúrú mẹ́ta mẹ́rin, lójúmọ́ kọ̀ọ̀kan. Fún àwọn ọmọ BEPC tí communication écrite (épreuve kíkọ Faransé) ń dà láàmú, èyí gan-an ló ń tún ọwọ́ wọn ṣe.

Pé kó sọ ọ́ láìwo ìwé yẹn, kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀. Lọ́dún 2006 àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ní kí apá kan ka ọ̀rọ̀ kan kí wọ́n sì tún un kà, apá kejì kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wá ní kí wọ́n pa á dé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó kà á lẹ́ẹ̀mejì ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó yí padà, àwọn tó gbìyànjú láti rántí di nǹkan bí 56 nínú ọgọ́rùn-ún mú, àwọn tó tún un kà di 42. Ẹ wò ó, ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń sọ lálẹ́ pé òun ti mọ gbogbo ẹ̀, tí kò sì rí nǹkan kan kọ lọ́jọ́ ìdánwò. Kíkà lákàtúnkà ń mú kó rò pé ó ti wọlé. Kó sì pín in káàkiri ọjọ́, wákàtí kan lórí chapitre kan lónìí, kó padà sórí ẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta sí i, kó tún padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìyẹn ń dúró ju kó fi odindi òru kan jẹ ẹ́ pọ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ oko, torí mi ò lè kọ nǹkan yìí kí n má sọ ọ́. Ní Kétu, tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, àgbàdo gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn ará Sabe, káṣú ń já láti oṣù kejì lọ títí di nǹkan bí oṣù karùn-ún, owó inú ẹ̀ ni wọ́n á sì fi san nǹkan púpọ̀ nílé. Mo mọ̀, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí oko má jẹ́ oko. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín ni pé àwọn oṣù yẹn gan-an ni BAC blanc àti BEPC blanc (ìdánwò ìdánrawò) máa ń bọ́ sí, àwọn ni wọ́n sì sún mọ́ ìdánwò jù, ẹ má mú ọmọ tó wà ní kíláàsì ìdánwò lọ sóko ju ọjọ́ kan lọ lọ́sẹ̀, kí àwọn tó kù nílé bá a gbà á lọ́dún kan yìí péré. Àti ọmọ obìnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun. Ó ti ilé ìwé dé, ó pọnmi, ó dáná, ó fọ abọ́, ó lọ bá ìyá ẹ̀ palẹ̀ ọjà mọ́, aago mẹ́sàn-án ló tó ṣí kàyé, arákùnrin ẹ̀ ti kàwé tán ó ti sùn. Tí ẹ bá lè fún un ní wákàtí méjì lójúmọ́ tí ẹnì kankan ò ní pe orúkọ ẹ̀, ẹ ó rí ìyàtọ̀ nínú bulletin. Ẹ tọ́jú àtùpà tó ń lo oòrùn sílé torí iná tó máa lọ ò ní sọ fún yín kó tó lọ.

EPS (ìdánwò eré ìdárayá) nìyí, kúkúrú ni: ṣáájú ìdánwò ìwé ni wọ́n ń ṣe é, póìntì ẹ̀ sì wà nínú ìṣirò. Ọmọ tí kò sáré rí látìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀ á lọ gba 7 níbi tí ẹlòmíì ti gba 15. Kó máa sáré láràárọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó tán.

Tí wọ́n bá fa BAC blanc padà lé e lọ́wọ́, kó má jù ú sí kọ̀rọ̀, kó wọ inú kàyé àṣìṣe. Tí convocation (ìwé ìpè sí ìdánwò) bá sì jáde, kẹ́ ẹ gbé ìwé ìbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ fi ojú wo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú orúkọ, ọjọ́ ìbí, série, lónìí kì í ṣe lọ́la, torí orúkọ Yorùbá wa, bí akọ̀wé kan ṣe ń kọ ọ́ yàtọ̀ sí ti èkejì, àṣìṣe tí wọ́n bá tètè rí ni wọ́n ń tètè tún ṣe, ọ̀dọ̀ directeur CEG lẹ máa gbà lọ. Kí ọmọ lọ wo centre ẹ̀ (ibi tó ti máa ṣe ìdánwò) kí ọjọ́ ó tó pé, pàápàá tó bá jẹ́ pé abúlé lẹ ń gbé tí centre sì wà nínú ìlú, kẹ́ ẹ bá onísẹ́míjàn (ọlọ́kadà) tẹ́ ẹ fọkàn tán sọ̀rọ̀ sílẹ̀, tàbí kó lọ sùn lọ́dọ̀ ẹbí tó sún mọ́ ibẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, oorun ṣe pàtàkì ju ìwé lọ. Aago mẹ́wàá alẹ́ kó ti dùbúlẹ̀. Lálẹ́ yẹn ni àwọn kan á máa fi épreuve ránṣẹ́ lórí WhatsApp, wọ́n á ní èyí ni yóò jáde lọ́la, ẹ san báyìí báyìí. Kò sí òótọ́ níbẹ̀, owó yín ló máa lọ, ọmọ á fi gbogbo òru ka nǹkan tí kò ní jáde, tí wọ́n bá sì bá irú ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni. Kí fóònù wà nílé. Kó jẹun láàárọ̀, oúnjẹ tó ti mọ́ ọn lára, kì í ṣe ọjọ́ yẹn lẹ máa se ẹran ńlá. Bíìkì méjì dúdú tàbí búlúù, équerre, compas, calculatrice tó ti ń lò tẹ́lẹ̀, convocation, káàdì ìdánimọ̀, gbogbo ẹ̀ nínú àpò kan láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Nínú yàrá, kó má fi ìbéèrè kankan sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan, formule tó tọ̀nà nìkan lè mú ìdajì póìntì wá, ọ̀pọ̀ ọmọ sì ni wọ́n ń já ní 9 lé díẹ̀. Tó bá jáde, kó má dúró sẹ́nu géètì pẹ̀lú àwọn tó ń fi ìdáhùn wéra, kó wálé, kó jẹun, kó ṣí èyí tó kàn.

Tí èsì bá jáde tí kò sì rí orúkọ ẹ̀, ẹ má nà án, ẹ má lé e kúrò nílé. Ẹ bá a gba relevé de notes (ìwé tó ní máàkì ẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan), ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí coefficient tó wà lára ògiri, kẹ́ ẹ wo ibi tí póìntì ti bọ́. Ẹni tó ní 9 ò nílò láti tún bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìwé láti A, matière méjì péré ló kù ú kù. Ẹ bi CEG léèrè bóyá ó lè tún kíláàsì ṣe, tí kò bá ṣeé ṣe, ó lè forúkọ sílẹ̀ bíi candidat libre (ẹni tó ń ṣe ìdánwò láìsí nílé ìwé), kó sì ti tún mú épreuve àti aago ní oṣù kẹwàá.